Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní Iléṣà: sátẹ́láìtì náà dákẹ́ ni, kò jábọ́

Iléṣà, oṣù kọkànlá ọdún 2025

Ẹ̀yin àgbà ìgbìmọ̀ alábòójútó, ọ̀gá àgbà wa, àti ẹ̀yin aṣojú òbí àti olùkọ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà nínú lẹ́tà yìí. Ibẹ̀ ni mo ti jáde, ibẹ̀ ni tíṣà físíìsì ti kọ́kọ́ gbé rédíò tó bàjẹ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n tú u wò, títí dòní owó rédíò títúnṣe ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ara yín.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí àwọn ọmọ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ẹ kọ ìwé sí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wọn. Ohun mẹ́ta ni ẹ sọ: pé sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ tí wọ́n ń tẹ̀lé ti kú, pé irin áńtẹ́nà tó wà lórí òrùlé, èyí tí wọ́n fi ń gba àwòrán rẹ̀, lè pe àrá, àti pé ẹ nílò yàrá wọn láti kó àga sí. Kí ìwé náà tó kan ọmọ kankan lọ́wọ́, ẹnì kan ti gun orí òrùlé, ó ti fi ayùn gé wáyà, ó sì ti ju áńtẹ́nà sí ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti lọ ṣà á. Apá kan ti tẹ̀ bí ìkọ́, ẹnu wáyà tó ṣẹ́kù lára ògiri sì ti ń mu omi òjò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá sí ọ́fíìsì. Lẹ́ẹ̀kíní, ìpàdé ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò rí ohun tí mo kọ. Mo wá ń kọ ọ́ báyìí síbi tí gbogbo ayé ti lè bá yín kà á.

1. Ẹ ní ó ti kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìgbésí ayé rẹ̀ fún yín.

Orúkọ rẹ̀ ni NOAA-15. NOAA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú ọjọ́ àti òkun, ló ni ín. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1998 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Titan II gbé e kúrò ní Vandenberg, ní California. Ọdún méjì péré ni wọ́n ṣe é fún. Ó lo ọdún 27. Bí ẹ bá ka iye ìgbà tó yí ayé ká láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ó lé ní 140,000. Kò sì lò ó láìsí àìsàn. Dígí kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí, òun ló fi ń wo ilẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Mọ́tò tó ń yí dígí yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í há bí ọjọ́ ogbó ti ń kàn án. Ní oṣù keje 2019 ó kọṣẹ́, àwọn tó ń tẹ̀lé e káàkiri ayé ti ń dárò rẹ̀, ni ó bá tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó ní àbúrò méjì tí àwọn ọmọ wa tún máa ń gbọ́: NOAA-18 tó gòkè ní 2005 àti NOAA-19 tó gòkè ní 2009. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí ti NOAA-19 yìí dáadáa. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 2003, nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Sunnyvale, wọ́n fẹ́ yí i láti òró sí ìbú, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Bóòtù 24 tó yẹ kó dè é mọ́ ohun tó gbé e dúró ni àwọn kan ti tú lọ, àwọn tó kàn kò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Dọ́là mílíọ̀nù 135 ni wọ́n ná kí wọ́n tó tún un ṣe tán. Ó gòkè, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọdún 16. Ẹ̀rọ olówó iyebíye ṣubú, ẹnikẹ́ni ò gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́. Áńtẹ́nà tiwa, irin aluminíọ̀mù méjì àti kọ́nẹ́tọ̀ kan ni. Mo ti tún un ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi kí iṣu tí ìyàwó mi gbé kaná tó jinná.

Ọdún yìí ni àwọn tó ni wọ́n ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa. NOAA-18 ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, NOAA-19 ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, NOAA-15 tó dàgbà jù ló kẹ́yìn, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Wọ́n fà á tí agbára fi tán nínú bátìrì, wọ́n sì pa ẹ̀rọ tó fi ń sọ̀rọ̀, nítorí sátẹ́láìtì tó gbó tí agbára ṣì wà nínú rẹ̀ lè bú gbàù lókè. Àbúrò rẹ̀ kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì, NOAA-16, fọ́ wẹ́wẹ́ ní oṣù kọkànlá 2015, àfọ́kù rẹ̀ ṣì ń yí ayé ká títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìyẹn ni pé ó dákẹ́. Ẹ kọ “kú” nínú ìwé yín, ẹni tó gé wáyà gbọ́ “jábọ́”. Nǹkan bí 800 kìlómítà ni NOAA-15 wà sókè, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé yóò tó ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kí ó tó lè fà á wálẹ̀. Ẹ wo ti ilé wa: NigeriaEduSat-1 tí àwọn ọmọ fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ bá àwọn ará Japan ṣe, àpótí kékeré tí kò ju ìwọ̀n ọwọ́ lọ. Nǹkan bí 400 kìlómítà ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní oṣù keje 2017; nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2019 ó ti wálẹ̀, ó ti jóná. Ìlọ́po méjì gíga péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀kan kò lo ọdún méjì, èkejì yóò ju ọmọ-ọmọ wa lọ. Ọmọ SS1 kan ló ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn fún mi lọ́jọ́ tí mo ṣì í sọ.

2. Ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́ ni mímọ ibi tí nǹkan wà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má yára ṣí i kọjá. Mo rò pé ohun tí ẹ rò ni pé àwọn ọmọ kàn ń gba àwòrán. Bó bá jẹ́ àwòrán nìkan ni, fóònù ẹnikẹ́ni nínú yín ní èyí tó dára jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí òwúrọ̀ ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ. Ìsinmi ni, kò sí ẹni tó pè wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún wá, aṣọ ilé lọ́rùn, ọ̀kan gbé búrẹ́dì dání. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ àná ìgbà tí NOAA-15 yóò yọ láti ìhà àríwá. A tan kọ̀ǹpútà, a yí rédíò sí ìgbì 137.62 megahertz. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta tí a ti ń ṣe é, bí àkókò bá ti pé, a máa ń gbọ́ ohùn kan tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú ariwo, kín-kín, kín-kín, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹni ń fi ṣíbí kan etí ife. Ìró kọ̀ọ̀kan, ìlà àwòrán kan ni. Lọ́jọ́ yẹn, àkókò pé, ṣàà nìkan la gbọ́. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ṣàà. Àbíkẹ́yìn wọn wò mí, ó ní, “Sà, ṣé ó ti jábọ́ ni?”

Mi ò tíì dáhùn. Ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2 fi ìka lé ìlà kan nínú ìwé àkọsílẹ̀, ó wo aago ara ògiri, ó ní, “Kò jábọ́. Ó ń kọjá lórí Sókótó báyìí. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, á dé orí wa.” Gbogbo wọn gbé ojú sókè wo síléǹgì. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu wọn dákẹ́, títí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fi pé. Lẹ́yìn náà ọmọ náà ní, “Ó ti lọ sí ojú òkun,” ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: a kò gbọ́ nǹkan, àmọ́ ó kọjá.

Ẹ̀yin àgbà, mo ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́, mi ò tíì rí ohun tó wú mi lórí tó ìyẹn. Ọmọ ọdún 15, ní Iléṣà, mọ ibi tí ohun kan tí kò fọhùn, tí ojú kò rí, wà láàárín òfuurufú, ó mọ̀ ọ́n dé ìṣẹ́jú.

Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Kò sí awo níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run máa ń gbé ìlà méjì nọ́ḿbà jáde fún sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì 69, ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú ìlà méjì yẹn ni ẹ ti máa rí bí ọ̀nà tó ń tọ̀ ṣe dagun sí agbedeméjì ayé, ibi tó dé lọ́nà náà, àti iye ìgbà tó ń yí ká lóòjọ́. Nọ́ḿbà ìdánimọ̀ NOAA-15 ni 25338. Àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n bí nọ́ḿbà fóònù ìyá wọn. Wọ́n tún mọ àdírẹ́sì Iléṣà: 7.6 sí àríwá, 4.7 sí ìlà-oòrùn.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń fi bírò ṣe é. Ìṣẹ́jú 101 ló ń gbà á láti yí ayé ká lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú 1,440. Pín in: ìgbà mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀ lóòjọ́. Bí òun ti ń yí, ayé náà ń yí lábẹ́ rẹ̀, digiríì 360 lóòjọ́, nítorí náà láàárín ìṣẹ́jú 101 ayé ti sún digiríì 25. Bó bá gba orí Iléṣà kọjá báyìí, ìyípo tó kàn yóò gba orí òkun ìwọ̀-oòrùn níwájú Senegal, bóyá ni yóò fi yọ orí sí wa nísàlẹ̀ ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbọ́ ọ ní bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìrọ̀lẹ́, tí èyí tó pẹ́ jù kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ìsọdipúpọ̀ àti ìpín ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń sá fún tíṣà ìṣirò ló ń ṣe é, wọn ò mọ̀ pé ìṣirò ni títí ó fi tán.

Ẹ tún wo ti ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró létí títì tó lọ sí Àkúrẹ́ mọ̀ pé fèrè ọkọ̀ àjàgbé tó ń sáré bọ̀ máa ń ga, bó bá ti kọjá lára èèyàn báyìí, á rẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sátẹ́láìtì tó ń sáré ju kìlómítà méje lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bó ti ń bọ̀, ìgbì rédíò rẹ̀ ga ju ibi tó yẹ kó wà lọ ní nǹkan bí kilohertz mẹ́ta, bó ti ń lọ, ó rẹlẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí ejò. Ibi tí ìlà náà ti yára tẹ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ni ìgbà tó súnmọ́ wa jù. Àwọn ọmọ ń ka àkókò ibẹ̀, wọ́n ń fi wé ohun tí wọ́n ti ṣírò sílẹ̀, wọ́n ń kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sínú ìwé.

Ìwé yẹn ló fi ohun tó yà mí lẹ́nu jù hàn wá. Nígbà kan tí dátà tán, wọ́n lo ìlà nọ́ḿbà tó ti pẹ́ ju oṣù méjì lọ. Sátẹ́láìtì náà fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣáájú àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ tó ń dí i lọ́wọ́ ni yóò jẹ́ kó pẹ́. Òdìkejì ni. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ń fà á sílẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà tó rẹlẹ̀ kúrú, ẹni tó wà lójú ọ̀nà tó rẹlẹ̀ sì ń sáré jù, nítorí náà ohun tí wọ́n ń dá dúró ló ń tètè dé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jiyàn lórí èyí, dórí ibi ìfọṣọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. NOAA-15 kò ní epo tó lè fi tún ìrìn rẹ̀ ṣe; gbogbo bí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti ń tì í ló ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó wà gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì máa tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí ẹ fi ayùn gé.

3. Ti àrá.

Níbí, òótọ́ wà lọ́rọ̀ yín. Àrá oṣù kẹrin àti ti oṣù kẹsàn-án ní Iléṣà kì í ṣe eré, irin tó yọrí lókè sì yẹ kí wáyà tó nípọn so ó mọ́ ilẹ̀. Mi ò ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí. Mo ti ra irin tí a ó rì mọ́lẹ̀ àti wáyà rẹ̀. A ó tún fi òfin sí i: bí òjò bá ti ṣú, kí wọ́n yọ wáyà kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí gbogbo wọn sì jáde kúrò níbẹ̀. Ká ní ẹ pè mí kí ẹ tó mú ayùn, ọ̀sán ọjọ́ kan ni à bá fi parí ẹ̀.

4. Òmíràn ń sọ̀rọ̀, áńtẹ́nà kan náà sì ló ń gbọ́ ọ.

Apá méjèèjì áńtẹ́nà yìí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 53, wọ́n ya ara wọn ní digiríì 120 bí ẹsẹ̀ àkàbà tí a ṣí. A kò gé e nítorí NOAA-15, ìgbì 137 megahertz la gé e bá mu. Rọ́ṣíà ní sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ méjì tó ń lo àdúgbò yẹn: Meteor-M N2-3 tó gòkè ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2023, àti Meteor-M N2-4 tó gòkè ní ọjọ́ 29 oṣù kejì 2024. Orí 137.9 ni wọ́n wà. Ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ jọ ti NOAA-15, òpó dé òpó ayé, ìṣẹ́jú 101 tàbí kó sún mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ gé wáyà, mo gbé áńtẹ́nà tí mo tún ṣe sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsọ̀kun, mo sì gba N2-4. NOAA máa ń fi àmì kan ṣojú ilẹ̀ kìlómítà mẹ́rin, ti Meteor jẹ́ kìlómítà kan. Mo rí adágún Kainji bó ṣe rí gan-an, gígùn, tóóró. Mo rí ọ̀sà Èkó. Wọn ò rí i, àwọn tó yẹ kó rí i. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo fi sínú ìwé tí mo kọ sí yín nígbà tí mo wá lẹ́ẹ̀kejì, òun náà sì ti sọnù pẹ̀lú ìwé náà.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé nǹkan kan ò lọ. Ti Meteor kì í dún kín-kín. Ariwo ṣàà ni létí, kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ ohun tó ń sọ. Ohùn tí etí èèyàn lásán lè mọ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ láti TIROS-8 ní oṣù kejìlá 1963, ti dákẹ́ lára àwọn sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún tó lé ní 60. Mo ní i nínú rẹ́kọ́dù, mo sì máa ń gbọ́ ọ lálẹ́ nígbà mìíràn. Àmọ́ ọ̀fọ̀ mi nìyẹn, kò yẹ kó di ti àwọn ọmọ.

5. Ẹ bi wọ́n léèrè pé kí ni àǹfààní rẹ̀ fún ìlú.

Ìbéèrè yẹn ni ọ̀kan nínú yín bi àwọn ọmọ ní ọjọ́ ìdárayá, ojú tì wọ́n láti dáhùn. Mo fẹ́ bá wọn dá a lóhùn.

Oṣù kẹwàá 2024, òwúrọ̀. Àwòrán ń wọlé, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn: etíkun Algeria, aṣálẹ̀, òkè Aïr ní Niger, nígbà tó dé ilẹ̀ wa a rí ìkúukùu funfun kan tó gùn bí ẹní tí a ká, ó na láti apá Jos sọ̀kalẹ̀ sí ìhà odò Bẹ́núè. Àwọn ọmọ ti mọ̀ láti inú àwòrán ọdún tó ṣáájú pé irú ìlà ìjì bẹ́ẹ̀, láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ló máa ń rìn nílẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Wọ́n fi rúlà wọn jíjìnnà rẹ̀. Lókè Iléṣà nígbà yẹn, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, oòrùn ń ràn.

Ìyá-ìyá ọ̀kan nínú wọn sá kòkó sí abúlé kan lọ́nà Ìfẹ̀wàrà, gbogbo ìkórè rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọmọ náà tọrọ fóònù mi. “Màmá, ẹ kó kòkó yín wọlé kó tó di ọ̀sán.” Màmá ní oòrùn ń ràn. Ọmọ ní, “Màmá, mo rí i.” Mi ò mọ ohun tó mú màmá gbà, bóyá bí ohùn ọmọ náà ṣe rí. Wọ́n kó o. Lẹ́yìn aago mẹ́ta, ìjì dé, páànù ká lórí ilé méjì lábúlé náà, òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ Sátidé, màmá fi ọmọ náà rán ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sí yàrá yẹn, yàrá tí àga wà nínú rẹ̀ báyìí.

Mi ò sọ pé ọmọ girama ni kó máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ fún ìjọba. Iléeṣẹ́ tó wà fún ìyẹn wà, wọ́n ń lo àwòrán Meteosat, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù tó dúró sójú kan lókè agbedeméjì ayé, ní 36,000 kìlómítà. Mo ń sọ pé ọmọ kan rí òjò kó tó dé, ó sì mọ ohun tó rí.

6. Ti yàrá.

Àga tó wà níbẹ̀, mo kà á láti ojú fèrèsé: 42. Yàrá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí kò sí nǹkan kan nínú wọn ju tábìlì tẹníìsì tó ti ya lọ.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí, ó sì kéré.

Kí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà padà sọ́wọ́ tíṣà físíìsì, ó kéré tán lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday, àti òwúrọ̀ Sátidé. Kí ẹ jẹ́ kí n gun òrùlé lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n gbé áńtẹ́nà padà, kí n sì rì wáyà àrá mọ́lẹ̀ níṣojú ẹnikẹ́ni tí ẹ bá yàn. Mi ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Kí ẹ dá ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún àwọn ọmọ. Wọ́n ní ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi di ẹ̀pà. Kí ẹ sì kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lọ́jọ́ kan kí sáà tó parí. Nínú ọgbà Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú ti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà, ARCSSTE-E, láti 1998, ọdún kan náà tí NOAA-15 gòkè. Kò tó wákàtí kan láti ibí. Ọdún 27 ni àwọn méjèèjì fi wà, ọ̀kan lókè wa, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ilé ẹ̀kọ́ wa kò sì tíì kó ọmọ kan lọ síbẹ̀.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀ ni mo ń retí ìdáhùn. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe àwọn baba wa ní òṣómàáló: wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní jókòó, wọn ò ní jẹun, títí owó aṣọ wọn á fi pé lọ́wọ́ wọn. Mo ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, mo ṣì ń bọ̀.

Wáyà tuntun wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mítà 15, mo ti jó orí rẹ̀ méjèèjì. Áńtẹ́nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, apá tó tẹ̀ ti tọ́. Ọmọbìnrin SS2 ọjọ́ náà, tó ti wọ SS3 báyìí, ti kọ àkókò tí Meteor-M N2-4 yóò fi kọjá lórí wa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀, ó ti fa igi sí abẹ́ ti Thursday, nítorí orí Iléṣà gan-an ló máa gbà.

Èmi ni,
akẹ́kọ̀ọ́ yín àtijọ́, tó ń tún rédíò ṣe ní Ìsọ̀kun